Orúkọ Olórúkọ: Àlàyé lórí Lẹ́tà Àìbéèrè àti Ayédèrú Ímeèlì

Àwọn àgbà a máa wí pé bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí ń kọ́ ìránṣẹ́ ní ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ó tún rán ni létí pé ènìyàn mẹ́ta ni ó máa ń wà nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ jíjẹ́: ẹni tí ó rán iṣẹ́, ẹni tí ó jẹ́ ẹ, àti ẹni tí a jẹ́ ẹ fún. Bí àárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá gún, ọ̀rọ̀ ìlú a máa lọ déédéé. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá dìde, tí ó ń jẹ́ iṣẹ́ tí a kò rán an, tí ó sì fi orúkọ olórúkọ ṣe é, ẹni méjì ni ó pa lára lẹ́ẹ̀kan náà. Èkíní ni ẹni tí ó gba iṣẹ́ náà gbọ́. Èkejì ni ẹni tí ó ni orúkọ. Gbogbo ènìyàn ni ó máa ń káàánú ẹni èkíní. Ẹni èkejì ni wọ́n sábà máa ń bú.

Ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ ilé ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Òmù-Àrán, tí ó jẹ́ ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn ní ìpínlẹ̀ Kwara, ti ní Yunifásítì Landmark láti 2011. Ẹ̀sìẹ́ ní ère òkúta tí òkìkí wọn kàn káàkiri ayé, àti ilé tí a kó wọn sí, èyí tí a ṣí ní 1945, tí ó sì jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn ọmọ ìlú wọ̀nyí wà ní Ìlọrin, ní Èkó, ní Àbújá, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà. Lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà, tí a mọ̀ sí ímeèlì, àti àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù ni púpọ̀ nínú wọn fi ń gbúròó ilé. Ọ̀nà yìí kan náà ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gbọ́ èsì ìwé ìgbaniwọlé, tí olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì fi ń gbọ́ nípa owó rẹ̀, tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú sì fi ń bẹ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fún ìdáwó. Nítorí náà, ẹni tí ó bá lè fi orúkọ yunifásítì, báǹkì tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà ti rí ọ̀nà wọ ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn láìkan ilẹ̀kùn. Ó yẹ kí a mọ bí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣeé ṣe, ìdí tí kò fi yẹ kí a tètè dá ẹni tí ó ni orúkọ lẹ́bi, àti ohun tí olúkúlùkù lè ṣe sí i.

Bí a ti ń dán ìránṣẹ́ wò láyé àtijọ́

Kí ìwé kíkọ tó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, àrokò ni àwọn baba ńlá fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú. Bí ẹnìkan bá di owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ tí ó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ó ń wí pé ọkàn òun fà mọ́ ọn, nítorí ẹ̀fà ni iye owó náà. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó ń wí pé èrò àwọn méjèèjì jọ ara wọn. Ẹni tí ó gbé àrokò lè má mọ ohun tí ó gbé. Ẹni tí ó gbà á ni yóò tú u, yóò sì wo ojú ẹni tí ó gbé e wá, yóò bi í léèrè ilé tí ó ti wá àti ẹni tí ó rán an.

Ní ti àwọn ọba, ètò náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Ọ̀yọ́, àwọn ìlàrí ni ìránṣẹ́ Aláàfin. A máa ń fá apá kan orí wọn, a sì máa ń dá apá kejì sí, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá pàdé wọn lójú ọ̀nà lè mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Olúkúlùkù wọn ni ó ní orúkọ oyè tí ó ní ìtumọ̀, bí Mádàríkàn. Ilẹ̀ Ìgbómìnà wà lára ibi tí àṣẹ Ọ̀yọ́ dé nígbà náà, kò sì sí baálẹ̀ kan tí yóò fi ọ̀rọ̀ ẹnu àlejò lásán ṣe òfin láìrí àmì. Títí di òní, bí ọba kan kò bá lè lọ sí òde tí a pè é sí, a máa rán ọ̀pá àṣẹ rẹ̀ lọ. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ yóò kí ọ̀pá náà bí ẹni pé ọba fúnra rẹ̀ ni ó jókòó.

Nígbà tí ìwé dé, àwọn àmì mìíràn rọ́pò àwọn ti àtijọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ yóò tẹ̀ka sí abẹ́ ìwé tí ẹlòmíràn bá a kọ. Ilé ìfìwéránṣẹ́ yóò lu òǹtẹ̀ mọ́ sítáǹpù, èyí tí yóò fi ìlú tí lẹ́tà ti wá àti ọjọ́ tí ó gbéra hàn. Ọmọ ilé náà yóò wo ọwọ́ ìkọ̀wé, yóò sì wí pé, "Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi nìyí." Àwọn àmì wọ̀nyí kò pé tán, nítorí a lè yí ìwé, a sì lè ṣe ayédèrú òǹtẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ parọ́ ní láti ṣe làálàá kí irọ́ rẹ̀ tó lè rìn.

Bí ímeèlì ti ń rìn

Nínú ìlànà tí a kọ́kọ́ gbé ímeèlì lé, kò sí ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1982 ni Jon Postel, ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, tẹ ìlànà tí a ń pè ní SMTP jáde. Ìlànà náà ni òpó tí ímeèlì dúró lé lórí títí di òní. Àwọn tí ń lo ẹ̀rọ náà nígbà náà kò pọ̀. Yunifásítì, ilé iṣẹ́ ìwádìí àti ológun ni wọ́n jẹ́, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dárúkọ ara wọn tán. Kò sí ẹni tí ó rò pé ó yẹ kí a béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí ó wọlé.

Bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà tí ó fẹ́ jẹ́ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ kí èyí tí yóò gbà á. Yóò sọ orúkọ ẹni tí ó rán an, yóò sọ orúkọ ẹni tí a rán an sí, lẹ́yìn náà ni yóò gbé lẹ́tà kalẹ̀. Orúkọ tí ó sọ ní ẹnu ọ̀nà yìí dà bí èyí tí a kọ sí ẹ̀yìn àpòòwé. Ẹni tí yóò ka lẹ́tà kì í sábà rí i. Orúkọ mìíràn wà ní orí lẹ́tà gan-an, èyí tí ó hàn ní ojú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Orúkọ méjèèjì lè bá ara wọn mu, wọ́n sì lè yàtọ̀. Ẹni tí ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ ni ó kọ méjèèjì, ìlànà 1982 kò sì ní kí ẹnikẹ́ni yẹ̀ wọ́n wò.

Ìyẹn ni pé ẹni tí ó jókòó ní ìlú kan tí ó jìnnà réré lè kọ orúkọ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Òmù-Àrán sí orí lẹ́tà, kò sì ní láti jí kọ́kọ́rọ́ kankan tàbí mọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ọ̀gá náà. Ó kàn kọ ọ́ ni. Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn kò mọ èyí. Wọ́n rò pé bí lẹ́tà bá ti gbé orúkọ ẹnìkan wá, ó ní láti jẹ́ pé inú àpótí lẹ́tà ẹni náà ni ó ti jáde.

Lẹ́tà tí a kò béèrè

Ohun kan wà tí ó ṣáájú ayédèrú orúkọ, òun sì ni lẹ́tà àìbéèrè, èyí tí Òyìnbó ń pè ní spam. Ní ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ọdún 1978, Gary Thuerk, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí ń ta kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní DEC, fi ìpolówó ọjà kan náà ránṣẹ́ sí nǹkan bí 400 ènìyàn lórí ARPANET, tí ó jẹ́ ìyá íntánẹ́ẹ̀tì òde òní. Kò fi orúkọ rẹ̀ pa mọ́. Inú bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó gbà á, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là. Orúkọ spam fúnra rẹ̀ jẹ́ orúkọ ẹran inú agolo kan. Eré apanilẹ́rìn-ín kan tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1970 fi àwọn oníbàárà hàn ní ilé oúnjẹ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹran yìí nìkan ni wọ́n ń tà, tí a sì ń pariwo orúkọ rẹ̀ títí kò fi sí ẹni tí ó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni lẹ́tà àìbéèrè ṣe ń bo lẹ́tà gidi mọ́lẹ̀.

Iye owó ni ó fà á tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí 1,000 ènìyàn nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ yóò ra sítáǹpù 1,000. Ẹni tí ó bá fi ímeèlì ránṣẹ́ sí 1,000 ènìyàn lè fi í ránṣẹ́ sí 1,000,000 láìfi bẹ́ẹ̀ ná owó kún un. Bí ẹyọ ẹnìkan ṣoṣo bá dáhùn nínú ọ̀kẹ́ àìmọye, èrè ti dé. Àwọn tí kò dáhùn ni ó san ìyókù: wọ́n fi àkókò wọn san án, wọ́n fi dátà inú fóònù wọn san án, àwọn tí ó ni kọ̀ǹpútà tí ń gbé lẹ́tà sì fi iná mànàmáná àti owó òṣìṣẹ́ san án.

Láìpẹ́, àwọn tí ń gba lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí ń yọ wọ́n lẹ́nu. Bí orúkọ kan bá ti di mímọ̀ pé lẹ́tà àìbéèrè ní ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, kọ̀ǹpútà yóò kọ gbogbo lẹ́tà rẹ̀. Nígbà náà ni àwọn oníṣẹ́ ibi yìí wá ọgbọ́n mìíràn dá. Bí orúkọ tiwọn kò bá lè wọlé mọ́, wọn yóò yá ti ẹni tí ó ní orúkọ rere, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Báyìí ni lẹ́tà àìbéèrè ṣe bí ayédèrú ímeèlì.

Ìyà ẹni tí ó ni orúkọ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1997, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà tí ó fi èyí hàn kedere. Joe Doll ni alábòójútó joes.com, ibi tí àwọn ènìyàn ti ń gba ààyè láti gbé ọ̀rọ̀ wọn sí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó gba ààyè lọ́wọ́ ẹnìkan tí ń fi lẹ́tà àìbéèrè yọ aráyé lẹ́nu. Ẹni náà gbẹ̀san. Ó kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ lẹ́tà àìbéèrè ní orúkọ Joe, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ káàkiri. Àwọn tí ó gba lẹ́tà náà kò bínú sí ẹni tí ó kọ ọ́, nítorí wọn kò mọ̀ ọ́n. Joe ni wọ́n doju ìbínú kọ. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti ń fi orúkọ Joe pe irú ìwà ìkà yìí.

Ohun tí ó máa ń dé bá ẹni tí a bá ṣe báyìí sí kò ju mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúwo. Lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́tà tí kò bá rí ẹni gbà á yóò padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹni tí kò kọ lẹ́tà kankan yóò jí ní òwúrọ̀, yóò sì bá ọgọ́rọ̀ọ̀rún lẹ́tà tí a dá padà nínú àpótí rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, èébú àti ẹ̀sùn yóò tẹ̀ lé e. Lẹ́ẹ̀kẹta, èyí tí ó burú jù lọ, àwọn kọ̀ǹpútà tí ń gba lẹ́tà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí orúkọ náà, wọn yóò sì máa ju lẹ́tà tòótọ́ rẹ̀ sí ibi tí a ń kó pàǹtírí sí. Ilé ẹ̀kọ́ lè kọ̀wé sí òbí nípa ìdánwò, kí òbí má rí i. Ẹgbẹ́ ìlú lè pe ìpàdé, kí àwọn tí ó wà ní òkèèrè má gbọ́. Orúkọ tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ yóò di ohun tí ẹ̀rọ ń lé kúrò ní ẹnu ọ̀nà.

Ọgbọ́n àrékérekè yìí kò bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà. Ní 1920, P. Crentsil, tí ó ti ṣiṣẹ́ rí ní ẹ̀ka ọkọ̀ ojú omi ìjọba àmúnisìn ní Nàìjíríà, kọ lẹ́tà sí ẹnìkan ní Gold Coast, ibi tí a ń pè ní Ghana lónìí. Ó fọ́nnu pé òun ní agbára àràmàǹdà, ó sì ní òun ṣe tán láti lò ó fún ẹni náà bí ó bá san owó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oníṣẹ́-Ìyanu ni ó pe ara rẹ̀. Ní 1921 a gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ lábẹ́ abala 419 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn. Adájọ́ kìlọ̀ fún un, ó sì dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ti Banco Noroeste, báǹkì kan ní Brazil, tí ó pàdánù nǹkan bí mílíọ̀nù 242 dọ́là láàárín 1995 sí 1998. Emmanuel Nwude ni ó wà nídìí rẹ̀. Ó pe ara rẹ̀ ní Paul Ogwuma, ẹni tí ó jẹ́ gómìnà Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ní àkókò náà, ó sì ní owó náà wà fún kíkọ́ pápákọ̀ òfuurufú tuntun sí Àbújá. Kò sí pápákọ̀ kankan. Ní 2005, ilé ẹjọ́ gíga ní Èkó dá Nwude lẹ́bi, ó sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ogwuma kò mọ nǹkankan nípa ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni a fi ṣí ilẹ̀kùn báǹkì náà.

Ó yẹ kí a fi kún un pé orúkọ Nàìjíríà lápapọ̀ wà lára àwọn orúkọ tí a ti bàjẹ́ báyìí. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti Ẹ̀sìẹ́ lè fi òótọ́ inú kọ̀wé sí yunifásítì kan ní òkèèrè láti béèrè ààyè, kí ẹni tí ó gba lẹ́tà náà sì wo orúkọ ilẹ̀ tí ó ti wá, kí ó mi orí, kí ó sì pa á tì. Kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Gbèsè tí kò jẹ ni ó ń san.

Ìdánwò mẹ́ta tí ó padà wá

Àwọn onímọ̀ kò ká ọwọ́ gbera. Láti 2006 ni wọ́n ti ń gbé àwọn ìlànà jáde láti dá àmì tí ó sọnù padà. Mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú wọn, ẹni tí ó bá sì mọ ètò ìránṣẹ́ ọba kò ní rí wọn bí àjèjì.

Èkíní ni SPF, tí a tẹ ìlànà rẹ̀ jáde ní 2006. Pẹ̀lú èyí, ẹni tí ó ni orúkọ yóò kọ àkọsílẹ̀ kan sí ibi tí gbogbo ayé lè kà á. Ohun tí ó kọ ni pé, "Àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyí nìkan ni ó lè gbé lẹ́tà mi." Kọ̀ǹpútà tí yóò gba lẹ́tà yóò wo àkọsílẹ̀ náà, yóò sì mọ̀ bóyá ẹni tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà wà nínú àwọn tí a yàn. Irun orí ìlàrí nìyí: àmì tí a fi ń mọ ẹni tí ọba yàn.

Èkejì ni DKIM, tí ó jáde ní 2007. Èdìdì ni èyí. Kọ̀ǹpútà tí ó rán lẹ́tà yóò fi kọ́kọ́rọ́ kan tí ó fi pa mọ́ ṣe èdìdì sí i, yóò sì fi kọ́kọ́rọ́ kejì sí gbangba, èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi yẹ èdìdì náà wò ṣùgbọ́n tí kò lè fi ṣe òmíràn. Bí ẹnìkan bá yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú lẹ́tà náà lójú ọ̀nà, èdìdì kò ní bá a mu mọ́.

Ẹ̀kẹta ni DMARC, tí a kéde ní 2012, tí a sì tẹ ìlànà rẹ̀ jáde ní 2015. Àṣẹ ni èyí. Ó kọ́kọ́ ń béèrè pé kí orúkọ tí òǹkàwé rí lórí lẹ́tà bá èyí tí àmì méjì ìṣáájú jẹ́rìí sí mu. Lẹ́yìn náà ni ó ń sọ ohun tí kí a ṣe sí ìránṣẹ́ tí ó bá kùnà ìdánwò: kí a kàn ṣàkíyèsí rẹ̀, kí a yà á sọ́tọ̀, tàbí kí a lé e padà. Ó tún ń jẹ́ kí ìròyìn dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni orúkọ, kí ó lè mọ̀ pé àwọn kan ń fi orúkọ òun rìn. Láti oṣù kejì ọdún 2024, Google àti Yahoo ti pa á láṣẹ pé ẹni tí ó bá ń fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn tí ń lo ímeèlì wọn gbọ́dọ̀ lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Síbẹ̀, àwọn ìdánwò wọ̀nyí ní ibi tí agbára wọn pin. Bí oníjìbìtì bá gba orúkọ tuntun tí ó fi ẹyọ lẹ́tà kan yàtọ̀ sí ti báǹkì, kò jí orúkọ báǹkì mọ́. Ó ní tirẹ̀, yóò sì yege nínú ìdánwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ó bá ti jí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ẹnìkan, inú àpótí ẹni náà gan-an ni lẹ́tà yóò ti jáde, èdìdì yóò sì pé. Bákan náà, àwọn ìlànà wọ̀nyí kò kan àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù tàbí WhatsApp. Ẹ̀rọ lè dá ìránṣẹ́ èké dúró ní ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò lè wo ọkàn ẹni tí ó wọlé.

Ohun tí òfin wí

Nọ́ńbà 419 tí gbogbo ayé fi ń pe jìbìtì yìí wá láti inú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n apá ilẹ̀ Ìgbómìnà tí ó wà ní Kwara jẹ́ ara ìhà àríwá láyé ìjọba ẹlẹ́kùnjẹkùn, ìwé òfin tí ó sì jogún ni Penal Code tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960. Abala 321 nínú rẹ̀ dá lórí ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní ẹlòmíràn láti fi tan ènìyàn jẹ. Abala yìí ni àjọ EFCC, tí ó ní ọ́fíìsì ní Ìlọrin, máa ń lò nígbà tí ó bá gbé àwọn ọ̀dọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí pé wọ́n fi orúkọ ará òkèèrè ṣí ímeèlì láti fi gba owó lọ́wọ́ àjèjì. Ẹ̀wọ̀n tàbí owó ìtanràn ni ìdájọ́ sábà máa ń já sí, a sì máa ń gba fóònù àti kọ̀ǹpútà wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ wà lára wọn, àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́ náà yóò sì máa tẹ̀ lé wọn kiri nígbà tí wọ́n bá ń wá iṣẹ́. Àwọn náà ti ba orúkọ kan jẹ́, tiwọn sì ni.

Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà, tí a ṣe ní 2015, tún fi kún un. Abala 32 rẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí owó ìtanràn 1,000,000 náírà, tàbí méjèèjì, fún ẹni tí ó bá fi ayédèrú lẹ́tà dẹ pàkúté fún ènìyàn, tàbí tí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi lẹ́tà àìbéèrè dí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Ní ti àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó orí fóònù, àjọ NCC ti la ọ̀nà kan sílẹ̀ láti 2016: ẹni tí kò bá fẹ́ wọn mọ́ yóò kọ STOP, yóò sì fi í ránṣẹ́ sí 2442.

Ojúṣe olúkúlùkù

Ojúṣe àkọ́kọ́ wà lọ́rùn ẹni tí ó ni orúkọ, yálà ilé ẹ̀kọ́, báǹkì, ìjọ tàbí ẹgbẹ́. Kò yẹ kí òun fúnra rẹ̀ máa fi lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ránṣẹ́, nítorí ẹni tí ó bá ti sọ àwọn ènìyàn di ẹni tí ń pa lẹ́tà rẹ̀ rẹ́ láìkà á kò lè mú kí wọ́n gbọ́ nígbà tí ó bá ní ọ̀rọ̀ pàtàkì. Ẹni tí ó bá fẹ́ kúrò nínú àwọn tí a ń kọ̀wé sí gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde kíákíá. Ó yẹ kí ilé iṣẹ́ náà fi ìdánwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí orúkọ rẹ̀, kí ó sì sọ ohun tí kò ní béèrè láé nínú lẹ́tà: ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì owó, tàbí owó tí a ó san sí àkáǹtì ẹnìkan. Bí a bá sì ti fi orúkọ rẹ̀ ṣe ayédèrú, kí ó kéde rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìtìjú a máa pa ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ lẹ́nu mọ́, ìdákẹ́jẹ́ wọn a sì máa fún oníjìbìtì ní àyè láti tún ẹlòmíràn mú.

Ojúṣe kejì wà lọ́rùn ẹni tí ó gba lẹ́tà. Kí ó wo àdírẹ́sì gan-an, pàápàá ohun tí ó wà lẹ́yìn àmì @, kí ó má fi orúkọ tí a kọ gàdàgbà ṣe ẹ̀rí. Kí ó kíyè sí ìkánjú. Lẹ́tà tí ó wí pé a ó ti àkáǹtì pa kí oòrùn tó wọ̀, tàbí tí ó wí pé, "Bàbá, èmi ni o, mo wà nínú ìṣòro, ẹ má pè mí, ẹ kàn fi owó ránṣẹ́," ti tú àṣírí ara rẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: bí iṣẹ́ bá gba ojú ímeèlì wọlé, kí a gba ọ̀nà mìíràn wádìí rẹ̀. Kí a pe nọ́ńbà tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tí ó wà nínú lẹ́tà náà. Kí a rin dé báǹkì. Kí a rán ọmọ sí ilé akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹni tí owó bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sáré sọ fún báǹkì rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ó má jẹ́ kí ojú tì í.

Kí ó sì tó bínú sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí lẹ́tà, kí ó rántí pé ẹni náà lè má mọ ohunkóhun. Láti pè é kí a sọ fún un dára ju láti bú u lọ, nítorí ó lè jẹ́ pé ìpè náà ni yóò kọ́kọ́ jẹ́ kí ó mọ̀ pé a ń fi orúkọ òun jẹun.

Àwọn olùkọ́ ní ipò tiwọn pẹ̀lú. Ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kékeré lónìí ni òbí àti ìyá àgbà ń gbé fóònù fún pé kí ó bá wọn ka ohun tí ó wọlé, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbé lẹ́tà lọ bá olùkọ́ láyé àtijọ́. Bí a bá kọ́ ọmọ náà láti mọ àdírẹ́sì yẹ̀ wò, gbogbo agbo ilé ni a kọ́. Kí a sì kọ́ ọ pẹ̀lú pé orúkọ ẹlòmíràn kì í ṣe aṣọ tí a ń yá wọ̀ lọ sí òde. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, ẹni tí ó bá jí wúrà sì lè dá a padà. Ẹni tí ó bá ba orúkọ olórúkọ jẹ́ kì í sábà rí ohun tí yóò dá padà.